Ìjánu Ọkọ̀: Bí A Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Wa Pààrọ̀ Páàdì àti Dísíkì Nílé

  Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìrun, zàkà àti ogún pínpín ni mo sábà máa ń kọ síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Bí Iléyá bá ti súnmọ́, gbogbo wa ni a máa ń di ẹrù àti ẹbí sínú ọkọ̀, tí a ó dojú kọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Ìwó. Àwa tí a wà ní Jos, orí òkè ni a ń gbé, ó ga tó bíi mítà 1,200 ju ojú òkun lọ. Ẹni tí yóò bá lọ sílé níláti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti gba ọ̀nà Akwanga rí kò ní ṣàìmọ Hawan Kibo.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bíréèkì Corolla mi bẹ̀rẹ̀ sí han. Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, ó fi páàdì tuntun sí i, mo sanwó, mo sì gbà pé ó ti parí. Lọ́sẹ̀ kejì, èmi, ìyá àwọn ọmọ, àwọn ọmọ mẹ́ta àti ìyá mi jọ ń sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo. Tírélà kan wà níwájú wa, mo sì ń tẹ bíréèkì léraléra nítorí rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ bíréèkì fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà, òórùn nǹkan tí ó ń jó wọ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí ni bíréèkì rọ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tẹ tìmùtìmù. Ìyá mi bi mí pé, "Àlùfáà, kí ló ń rùn?" N kò lè dá a lóhùn. Mo fi jíà sí ìkejì, mo tún fà á sí ìkínní, ẹ́ńjìnì ń ké, mo sì ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí a fi rí ibi gbalasa kan yà sí. A tó wákàtí kan níbẹ̀ kí irin tó tutù.

Nígbà tí mo tú táyà náà fúnra mi ni mo rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Páàdì tuntun ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dísíkì tí wọ́n fi lé ti jẹ tán, àárín rẹ̀ ti jìn, etí rẹ̀ yọ sókè bí etí àwo. Bẹ́ẹ̀ ni òróró bíréèkì inú ike rẹ̀ dúdú bí omi aró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi léwu. Bí a bá tẹ bíréèkì, òróró ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa lọ sí ara táyà. Òróró yìí ń ti irin kan tí ó rí bí ife, tí a ń pè ní písítìn, písítìn ń ti páàdì, páàdì sì ń fún dísíkì mọ́ àárín. Eré tí ọkọ̀ ń sá yóò wá di ooru. Inú dísíkì ni ooru náà ń wọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó gbé e lọ. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ gbóná bí ìkòkò irin. Bẹ́ẹ̀ náà ni dísíkì tí ó ti fẹ́lẹ́. Òróró bíréèkì pẹ̀lú ní àléébù kan: ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tí ó jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205 lórí òdiwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mu omi, ó lè hó ní bíi 140. Bí ó bá hó, ó di oru, oru sì ṣeé fún pọ̀, kò dà bí òróró. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì mi fi rọ̀ bí tìmùtìmù.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá pààrọ̀ páàdì láì wọn dísíkì, ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe. Ara dísíkì fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ òdiwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù sí, ẹ ó rí i tí wọ́n tẹ MIN TH sí i pẹ̀lú iye mìlímítà. Ti Corolla tèmi, 25 ni tuntun, 23 ni òpin. Mìlímítà méjì péré ni ó wà láàrin ìlera àti ewu. Bí ó bá ti dé òpin, tàbí tí ó ti sán, ẹ má ṣe gbé e lọ fún oníléètì pé kí ó fá a. Fífá yóò tún sọ ọ́ di fẹ́lẹ́ sí i ni. Ti páàdì, bí lílínì orí rẹ̀ bá ti ku mìlímítà mẹ́ta, ẹ ra òmíràn. Ìró híhan tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà mìíràn, irin kékeré kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ara páàdì ni ó ń fi ara kan dísíkì láti kìlọ̀ fún yín.

Ní ti ríra ọjà, òǹtajà ni èmi náà, mo sì mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe. Wọ́n á fi ọ̀dà kun dísíkì àlòkù, wọ́n á fi wé ọ̀rá. Ẹ fi èékánná wo etí rẹ̀ bóyá ó yọ sókè, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó sanwó. Páàdì tí lílínì rẹ̀ ń rún létí, tàbí tí kò lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ dá a padà. Kò sí ohun tí ó burú nínú tòkunbọ̀ ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra tòkunbọ̀ páàdì. Ẹ rà á fún ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ẹ bá pààrọ̀ apá kan, ọkọ̀ yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ó yá, iṣẹ́ yá. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni mo fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀, tí irin tutù tí oòrùn kò tíì mú. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi sí jíà, ẹ sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn níwá àti lẹ́yìn. Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì ràkúnmí. Òkúta yìí ni okùn ràkúnmí tiwa. Ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, sípánà 21 ni ti Corolla. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó gbé jáàkì sí i. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ fi irin ìdúró tàbí igi líle tí ó fẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ti táyà tí ẹ tú sábẹ́ ìhà ọkọ̀, kí ó lè gbà á bí ó bá já.

Apá kan ni kí ẹ tú lẹ́ẹ̀kan, kí apá kejì lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún yín. Ẹ yí ìdarí sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ lè rí ẹ̀yìn kálípà. Bóòtù orí 14 méjì ni ó di kálípà mú. Ẹ tú u, ẹ gbé kálípà kúrò, kí ẹ sì fi wáyà so ó kọ́ sí sípírín. Ẹ má jẹ́ kí ó máa rọ̀ lórí okùn rọ́bà rẹ̀, nítorí inú rọ́bà yẹn lè ya láì hàn síta. Ẹ wo bí páàdì àti àwọn irin wẹ́wẹ́ rẹ̀ ṣe jókòó kí ẹ tó yọ wọ́n. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku ibẹ̀, nítorí lára páàdì àtijọ́ asbestos wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí ẹ fi rẹ̀ ẹ́.

Irin tí páàdì jókòó sí, bóòtù orí 17 méjì ni ó dì í mú. Ó máa ń le gan-an, ẹ fi páìpù gùn ọwọ́ sípánà. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, dísíkì yóò jáde. Bí ó bá ti dógùn-ún tí ó kọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí fi òòlù lù ú bí ẹni lu àgídìgbo. Ihò méjì tí ó ní ojú bóòtù wà lójú rẹ̀. Ẹ fi bóòtù orí 12 méjì sí i, ẹ máa dè wọ́n ní ìdọ́gba díẹ̀díẹ̀, wọn yóò ti dísíkì jáde fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni kò mọ iṣẹ́ ihò yìí.

Ibi tí dísíkì jókòó lé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí yóò fi dán. Ìdógùn-ún kékeré níbẹ̀ yóò jẹ́ kí dísíkì tuntun jókòó wọ́gọ, ẹsẹ̀ bíréèkì yóò sì máa gbọ̀n. Dísíkì tuntun náà ní òróró lára tí wọ́n fi ṣọ́ ọ kí ó má dógùn-ún. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ má sì fi ọwọ́ olóróró kàn án mọ́.

Ó ku písítìn. Ẹ ṣí ike òróró bíréèkì, bí ó bá kún, ẹ fà díẹ̀ kúrò, nítorí bí písítìn bá wọlé, òróró yóò gòkè, bí ó bá sì dà sára ọkọ̀, yóò bó ọ̀dà rẹ̀. Ẹ fi páàdì àtijọ́ lé ojú písítìn, kí ẹ fi kílámpù tì í wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí i pé rọ́bà ara rẹ̀ tutù fún òróró, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ fi gírísì bíréèkì sí àwọn píìnì tí kálípà ń yọ̀ lé. Gírísì lásán máa ń wú rọ́bà wọn. Ẹ wá tò gbogbo rẹ̀ padà bí ẹ ti tú u, ẹ mú bóòtù le, ẹ gbé táyà wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀tì táyà, 103 Nm ni Toyota kọ fún un; ẹni tí kò ní sípánà òdiwọ̀n, kí ó fi agbára apá dè é ní agbelébùú, kí ó má fi ẹsẹ̀ fò lé sípánà.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí tí ó kàn yìí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ yìí, inú mi dùn pé mo ti parí. Àwọn ọmọ kéú ti ń dé pẹ̀lú wàláà wọn, mo sì fẹ́ gbé ọkọ̀ kúrò níwájú ilé-kéú. Mo sítáàtì, mo fi sí jíà ẹ̀yìn, ọkọ̀ rìn. Nígbà tí mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi lọ kan ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù omi àlùwàlá ni ó dá ọkọ̀ náà dúró. Ọmọ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán ní ìdí dúrọ́ọ̀mù yẹn, wọn kò tíì rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo jókòó sínú ọkọ̀, n kò lè dìde.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé, nígbà tí a bá ti písítìn wọlé, àyè máa ń ṣí sílẹ̀ láàrin rẹ̀ àti páàdì. Bíréèkì kò ní mú títí a ó fi tẹ̀ ẹ́ léraléra tí písítìn yóò fi padà wá bá páàdì. Kí ẹ tó sítáàtì ọkọ̀, kí ẹ tó yọ òkúta nídìí táyà, ẹ jókòó, kí ẹ máa pọ́ńpù bíréèkì títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ sítáàtì, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo ike òróró, ẹ bù ú kún dé ojú ààlà rẹ̀. Òróró tí a kọ sí ìdérí rẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe òróró ẹ́ńjìnì, nítorí yóò ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá kọ̀ tí kò le, afẹ́fẹ́ ti wọlé nìyẹn. Ẹ má wa ọkọ̀ náà. Oníṣẹ́ ni kí ó wá bá yín nílé.

Bí ó bá le, ẹ gbé e jáde sí ọ̀nà tí kò sí èrò. Ẹ sáré dé 60, kí ẹ tẹ bíréèkì níwọ̀nba títí yóò fi wálẹ̀ sí bíi 10, kí ẹ má jẹ́ kí ó dúró pátápátá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ máa fún un láàyè láti tutù láàrin. Báyìí ni páàdì àti dísíkì ṣe ń mọ ara wọn. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 100, ẹ tún sípánà mú nọ́ọ̀tì táyà. Òróró bíréèkì fúnra rẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Bí ẹ bá sì dé òkè, jíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀, kí bíréèkì lè sinmi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ojú ewé yìí gan-an. Gírísì kì í jẹ́ kí omi kan awọ ara. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ yìí tí ìrun bá dé, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ àti abẹ́ èékánná rẹ̀ mọ́ kí ó tó ṣe àlùwàlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlùwàlá náà kò pé.

Mo ní irin ìdúró méjì, kílámpù kan àti sípánà 17 ọlọ́wọ́ gígùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá wọn, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ó sì dá wọn padà kí kéú tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.