Bí Ó Ti Yẹ Kí A Dájọ́ Olùkọ́

Nígbà àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀tọ̀ yìí, orúkọ àwọn olùkọ́ àtijọ́ a máa wà lẹ́nu wa. A ń yin àwọn kan, a sì ń dá àwọn mìíràn lẹ́bi. Ó tọ́ kí a kọ́ bí a ti ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé Róòmù ìgbàanì dá ẹjọ́ Seneca, amòye tí ó kọ́ Nero, tí Nero sì pàṣẹ ní ọdún 65 pé kí ó pa ara rẹ̀. Quintilian gbà pé ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ lè ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà. Cassius Dio ní ìwà rẹ̀ tako ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ó ń bẹnu àtẹ́ lu ọrọ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọlọ́rọ̀. Tacitus kọ ẹ̀sùn àwọn ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ ìfọkànbalẹ̀ tí ó fi kú pẹ̀lú.

Ní etí òkun tiwa, Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1884, ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí òun jẹ́ òpó rẹ̀, parí. Síbẹ̀, ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bi ní Oníṣà. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ẹ̀sùn kàn wọ́n ni ó tún jókòó dájọ́. Bàbá arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù Disẹ́ńbà, 1891. Ní 1965, ìwé J. F. Adé Àjàyí tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Ní 2014, Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, tọrọ àforíjì lórí ohun tí a fi ojú rẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́. Èkíní, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ohun tí ó ń wá. Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí àṣìṣe pa iṣẹ́ rere rẹ́, kí iṣẹ́ rere má sì bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, èso a máa pẹ́ kí ó tó pọ́n; ẹ má ṣe kánjú.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú ẹ̀sùn olùkọ́ wálé, ẹ gbọ́ ti ọmọ tán, kí ẹ sì lọ gbọ́ ti olùkọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.