Àbẹ̀kẹ́, Ṣí Ilẹ̀kùn Yẹn

Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ni mò ń bá wí. Má wulẹ̀ máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀.

Ìyá onílé yín ni mo kọ́kọ́ bá lẹ́nu géètì. Mo kí i tán, mo ní ọmọ wa ńkọ́? Ó ní òun rò pé o ti lọ sílé ni! Ẹni tí ẹ jọ ń fa omi nínú kànga kan náà kò mọ̀ bóyá o wà tàbí o kò sí. Bẹ́ẹ̀ inú yàrá lo wà, o ti fèrèsé pa, ò ń jáàkì ìwé. Iṣu tí mo fi rán dẹ́rẹ́bà sí ọ náà ló wà lábẹ́ tábìlì yẹn, ó ti hù, ó kù díẹ̀ kó máa wá igi tí yóò gùn. Ọmọ Èkìtì ní iṣu nílé, ó ń jẹ Indomie! Wo ọ̀rá rẹ̀ nílẹ̀. Bí ará ulé bá gbọ́, wọn á ní ọmọ ta nìyí? Fún mi ní ọ̀bẹ, kí n máa bẹ iṣu yìí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ: "Àǹtí, ìdánwò ti súnmọ́lé." Ìdánwò ti ń súnmọ́lé kí wọ́n tó bí ọ. Èmi náà ṣe Gíréèdì Tú, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo fi àtùpà kàwé. Ìwé kíkà mọ́jú tí ẹ ń pè ní TDB yẹn, àwa náà ti ṣe é rí, a kò kàn fún un lórúkọ ni. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ ní inú oorun ni ọpọlọ ti máa ń to ohun tí a kà jọ, wọ́n sì ní ó yẹ kí ẹni tó ti dàgbà máa sùn tó wákàtí méje lóru. Ìwọ wá ń fi agolo ohun mímu yìí lé oorun lọ. Yóò padà wá, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni yóò sì bá ọ. Mo ti ṣọ́ ìdánwò rí, mo rí ọmọbìnrin kan tó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀, ó wá gbé orí lé tábìlì, ó dìgbà tí a lu aago. Ọmọ tó mọ̀wé gan-an ni o.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ oorun kọ́ ló gbé mi láti Adó wá síbí. Kí lo wá kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́? Ṣebí iṣẹ́ olùkọ́ ni? Torí olùkọ́ ni wọ́n ṣe dá ilé ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀ ní 1977, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 2020 ló di yunifásítì, tí wọ́n fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè é, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ṣe gómìnà Oǹdó láyé ọjọ́sí. Orúkọ ti gùn, iṣẹ́ náà ṣì ni iṣẹ́. Láìpẹ́ wọn á rán ọ lọ TP, kí o lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò nílé ìwé. Wọn á kó ọmọ rẹpẹtẹ síwájú rẹ, ìyá ọ̀kan á sì wọlé wọ̀ọ̀, á fa gèlè rẹ̀ já, á ní ta ló na ọmọ òun. Ìwé wo ni wọ́n kọ èsì ìyá yẹn sí? Ẹni tí kò lè kí ìyá onílé rẹ̀ láàárọ̀, kí ló fẹ́ rí sọ fún ìyá ọmọ yẹn?

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, bàbá bàbá rẹ wà lára àwọn tó fi ọ̀wẹ̀ gbẹ́ ìpìlẹ̀ kíláàsì lábúlé wa. Àwọn obìnrin pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ wọlé, tíṣà á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka bá kan etí òsì, ó tó ilé ìwé. Bí kò bá kàn án, ẹkún á sọ, torí ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ọwọ́ mi kò tètè gùn, mo sunkún dáadáa. Kò sẹ́ni tó dá kàwé nínú wa. Ẹni tó mọ ìṣirò á pe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sídìí àtùpà, ẹni tí epo wà nílé wọn á gbé epo wá. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 2023 nítorí ìdánìkanwà. Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó Òyìnbó nìkan kọ́ o, àwọn ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, bí nǹkan kan bá ń dùn ọ́ lọ́kàn tí o kò lè sọ fún mi, lọ bá olùgbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ yín. Mi ò ní bínú pé èmi kọ́ lo kọ́kọ́ sọ fún. Tí mo bá tiẹ̀ bínú, díẹ̀ ni.

Yọjú síta wo Olósunta. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo àpáta yẹn, ìwọ tó o ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ o ti fi àwòrán rẹ̀ sórí Facebook. Ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ńkọ́? Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àdúgbò wa níbí, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin yẹn. Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, inú British Museum ló sì wà di òní. Ó gbẹ́ Ògògà sórí ìjókòó rẹ̀, ó gbẹ́ Òyìnbó tí àwọn èèyàn ń rù. Wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù rẹ, ó kúkú ṣe é wò níbẹ̀. Ẹni tó mọ bí ọba ṣe ń jókòó àti bí ọrùn aláàárù ṣe ń rí lábẹ́ ẹrù, àárín èèyàn ló ti wò ó. Kò ti fèrèsé pa kó tó gbẹ́ ẹ.

Ta ni ọmọ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá yẹn? Ṣé yàrá tó kàn ọ́ ló ń gbé? Kí lorúkọ rẹ̀? O ò mọ̀ ọ́n kẹ̀? Kíláàsì kan náà lẹ tún wà! Àbẹ̀kẹ́, dìde, lọ bi í. Kó tó wọlé o. Mò ń dúró.