Ìlà tó pín Ìlọ́fà àti Ọ̀tùn: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, fáúṣà àti ibi tí wọ́n bí ọmọ sí

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Iye ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 lọ́dún náà. Ètò náà kan ọmọ Ọ̀tùn Èkìtì. Kò kan ọmọ Ìlọ́fà, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀tùn kò jìnnà sí Ìlọ́fà rárá. Kò kan ọmọ Òsí, kò sì kan ọmọ Eruku, ìlú tiwa.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ti kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè, ẹ mọ̀ pé èdè kọ́ ló fa ìlà yẹn. Bí ẹni Ọ̀tùn bá ń bá ẹni Ìlọ́fà sọ̀rọ̀, wọn ò nílò ògbufọ̀. Títí di òní, Èkìtì ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Eruku wà, ní Kwara níbí. Òyìnbó amúnisìn ló fa ìlà náà. Ọ̀tùn alára wà lábẹ́ Ìlọrin títí di 1936 tí wọ́n fi dá a padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì yòókù. Àwa kù sí Àríwá. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Willink jókòó ní 1957 sí 1958, àwọn kan láti Ìlọrin àti Kabba bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n da àwọn pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ìgbìmọ̀ kò gbà. Oṣù kẹsàn-án 1976 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 21 nìyẹn. Ọmọ tó yẹ kó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 ti lè di bàbá ọlọ́mọ.

Ní 1955 yìí kan náà ni Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Amẹ́ríkà, dá àbá tí a mọ̀ sí fáúṣà lónìí. Dípò kí ìjọba kó owó fún ilé-ẹ̀kọ́, kó fún òbí ní ìwé tó dúró fún owó, kí òbí mú un lọ síbi tó wù ú. Àdúgbò tí ọmọ ń gbé ló sábà máa ń pinnu ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó máa lọ lọ́hùn-ún, nítorí náà ọmọ tálákà àárín ìlú há sí èyí tó bá wà nítòsí, ì báà dára, ì báà burú. Polly Williams, obìnrin dúdú tó jẹ́ aṣòfin ní Wisconsin, jà fún un títí tó fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní 1990. Ṣùgbọ́n òfin ní àwọn tó máa jẹ àǹfààní rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ọmọ bá sì pọ̀ ju àyè lọ, kí wọ́n ṣẹ́ kèké.

Kèké yẹn ló ń kọ mí lóminú. Fáúṣà lè gbé ọmọ kúrò ní àdúgbò rẹ̀, àmọ́ kì í kan àga. Ìjọba Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú S. O. Awokoya tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti ń kọ́ ilé, wọ́n sì ti ń kọ́ olùkọ́, kí ọjọ́ tó pé. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà náà kò tíì gba ìmọ̀ tó. Síbẹ̀, èmi á kọ́kọ́ kan àga.

Màmá mi àgbà sọ fún mi pé àwọn òbí Eruku náà ní fáúṣà tiwọn: ẹbí. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ àǹtí wọn ní Ọ̀tùn, ibẹ̀ ló ti ka ìwé ọ̀fẹ́. Àǹtí kò lè gba ju ọmọ kan lọ, màmá bá kù sílé. Bí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n bá dé, wọ́n á gbé e lọ bá olùkọ́ kó bá wọn kà á.

Òfin ti sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti 2004. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn kọlu ìjọ CAC kan ní Eruku, wọ́n pa èèyàn, wọ́n jí ọ̀pọ̀ olùjọsìn gbé. Ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ìjọba ìbílẹ̀ wa àti ní àwọn mìíràn. Wọ́n gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá sọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin. Àbúrò rẹ̀ kù sílé. Yàrá kan ni mo háyà.