Ìrẹsì Ọjà Àjàrá fún Ẹni Tó Ní Àtọ̀gbẹ: Ṣe àti Má Ṣe

Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà Àjàrá ní Bẹ̀nẹ̀, kò sì sí ọjọ́ ọjà tí ẹ ò ní rí àpò ìrẹsì lóríṣiríṣi níbẹ̀. "Èwo lẹ fẹ́?" ni ìyá onírẹsì máa ń béèrè. Bó bá jẹ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló ń bi, ìbéèrè náà ju ti adùn àti owó lọ. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n kàn sọ fún pé kí wọ́n pa ìrẹsì tì, láìsí àlàyé kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ béèrè ìrẹsì bíbọ̀. Òun ni àwọn elédè Faransé ń pè ní étuvé. Inú èèpo ni ìrẹsì yìí ṣì wà tí wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi, tí wọ́n fi oru gbígbóná sè é, tí wọ́n sì sá a gbẹ kí wọ́n tó bó o. Ooru yẹn ń yí sítáàṣì inú hóró padà. Bó bá tutù, á tún dì, ìfun kì í sì í tètè tú u palẹ̀, nítorí náà ṣúgà kì í sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀ bíi ti ìrẹsì funfun lásán. Fítámì B tó wà lára èèpo náà máa ń wọnú hóró. Kò ṣòroó rí, torí irú rẹ̀ ni àwọn ará Nàìjíríà fẹ́ràn, òun ló sì kún ojú ọ̀nà ẹnubodè kí Nàìjíríà tó tì í ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. A ń ṣe é ní Bẹ̀nẹ̀ náà. Ní ìlú Glazoué, àwọn obìnrin ló ń bọ̀ ọ́, àjọ AfricaRice, tó fi Kútọnu ṣe ibùjókòó láti 2005 fún ọdún mélòó kan, sì bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ààrò GEM, èyí tí kì í jẹ igi púpọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí òórùn dídùn tàn yín. Ìrẹsì olóòórùn ti Thailand, tó máa ń lẹ̀ mọ́ra bó bá jinná, wà lára àwọn tó ń yára gbé ṣúgà sókè jù. Èyí tó ti fọ́ wẹ́wẹ́, tí owó rẹ̀ kéré, kò sàn jù ú lọ, torí kíá ló ń rọ̀. IR841 tí a ń gbìn ní Bẹ̀nẹ̀ níbí náà ń ta sánsán. Ẹ béèrè bóyá wọ́n bọ̀ ọ́, kí ẹ má kàn gbà pé tiwa-n-tiwa kò lè gbé ṣúgà sókè. Basmati nìkan ni mo yọ sẹ́yìn nínú àwọn olóòórùn: irú sítáàṣì inú rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dà, àmọ́ owó rẹ̀ ga.

Ẹ má fọwọ́ sọ̀yà nítorí Ọ̀fadà. Ìrẹsì tí wọn ò bó èèpo inú rẹ̀ tán ni, ó sì dára fún ìfun. Ṣùgbọ́n ohun tó ń di ṣúgà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti funfun, abọ́ ńlá kan yóò sì ṣe yín bí abọ́ ńlá ṣe ń ṣeni.

Ẹ wọn ìrẹsì yín. Ife kan ìrẹsì tó ti jinná, nǹkan bí 160 g, ní tó 45 g ohun tó ń di ṣúgà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ife. Ìwádìí PURE tó jáde ní 2020, tó kó èèyàn tó lé ní 130,000 jọ láti orílẹ̀-èdè 21, rí i pé àtọ̀gbẹ ń mú àwọn tó ń jẹ ìrẹsì funfun tó 450 g lójúmọ́ ju àwọn tí kì í jẹ tó 150 g lọ, pàápàá ní Gúúsù Éṣíà.

Ẹ jẹ atassi, ìrẹsì òun ẹ̀wà, àmọ́ kí ẹ̀wà pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Èyí ni oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù láti gbà yín nímọ̀ràn, torí ẹ̀wà kì í tètè dà, ó sì ń fa ọwọ́ ìrẹsì sẹ́yìn. Ìdààmú ibẹ̀ ni pé ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ olóúnjẹ máa ń jẹ́ kó borí. Ẹ sè é nílé: ẹ̀wà ìlọ́po méjì, ìrẹsì ẹyọ kan. Ẹja, ẹyin tàbí wàgáṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí makaroni má sì bá a délẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí ìrẹsì kẹ́yìn. Oúnjẹ kan náà ni, abọ́ kan náà, síbẹ̀ ṣúgà kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi gàrí rọ́pò ìrẹsì láìwọ̀n. Mo ti rí àwọn tó bẹ̀rù ìrẹsì débi pé wọn ò fojú kàn án, tí wọ́n wá ń jẹ ẹ̀bà òkìtì àti àkàsà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ṣúgà wọn kò wálẹ̀, wọ́n sì rò pé oògùn ni kò ṣiṣẹ́.

Ẹ má fi ìrẹsì àná sílẹ̀ nínú ìkòkò di òwúrọ̀. Òótọ́ ni pé bí ìrẹsì bá tutù, apá kan sítáàṣì rẹ̀ kì í dà mọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń pọ̀ sí i nínú ìrẹsì tó wà níta. Kí ó wọ fìríìjì láàárín wákàtí kan sí méjì, kí ẹ sì gbé e kaná dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bí kò bá sí fìríìjì, ẹ se ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán.

Ẹ rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó.

Ẹ yẹ ṣúgà yín wò. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí méjì. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lóyún, kó má tó 1.80 g/l ni a ń fẹ́. Ẹ kọ irú ìrẹsì àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, torí ara kò dọ́gba: èyí tó gba ẹnìkejì yín lè má gbà yín.

Bí ẹ bá ń gba ínsúlín, tàbí ẹ ń lo glibenclamide, ẹ má ṣàdédé gé ìrẹsì kúrò. Ẹ sọ fún dókítà kó lè tún ìwọ̀n oògùn ṣe. Oògùn tó ti ń bá abọ́ ńlá jà lè já ṣúgà yín wálẹ̀ jù lọ́jọ́ tí abọ́ bá kéré. Bí òógùn tútù bá bò yín, tí ara ń gbọ̀n tàbí òòyì ń kọ́ yín, tí ẹ̀rọ sì fi hàn pé ṣúgà yín ò tó 0.70 g/l, ẹ jẹ ṣúgà oníhóró mẹ́ta lójú ẹsẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.