Ǹjẹ́ Ìtọ́jú Lè Ran Ọmọ Tí Ó Ní Ọ́tísíìmù Lọ́wọ́?

Ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé yìí kì í ṣe ti àwọn oníṣègùn nìkan. Ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìkíni ni àìsí ìbáraẹnisọ̀rọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ hàn sí àwọn ará ilé. Ní Ìjẹ̀gùn tí mo ń gbé, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, bí ọmọ kò bá kí àgbà, tí a pè é tí kò dáhùn, àwọn kan a ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn mìíràn a ní ẹlẹ́gbẹ́ ni. N óò kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ́tísíìmù jẹ́, n óò yẹ ìtọ́jú mẹ́ta wò, lẹ́yìn náà ni n óò sọ ibi tí èdè wa ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ ní Baltimore, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọra. Lónìí a mọ̀ pé bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe èpè, kì í ràn, kì í sì í ṣe àìfẹ́ràn ọmọ láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fojú bù ú nígbà kan rí pé ọmọ kan nínú nǹkan bí 100 ni ó ní i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má fi ìka tọ́ka sí ohun tí ó wù ú, ó lè máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ariwo sì lè ni í lára. Àmì mìíràn ni pé kì í sábà wo ojú ẹni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí kò tẹjú mọ́ àgbà ni a ń pè ní ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Nítorí náà àmì yìí lè fara pamọ́ fún òbí.

Ìtọ́jú kìn-ín-ní ni ti ọ̀rọ̀ sísọ. Kì í ṣe ẹnu nìkan ni ó ń tọ́jú. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀nà tí ọmọ yóò fi lè bèèrè nǹkan, ìbáà ṣe ohùn, ìbáà ṣe ọwọ́, ìbáà ṣe àwòrán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jonathan Green àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọmọ 152 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ń fi fídíò han àwọn òbí apá kan bí wọ́n ti ń bá ọmọ wọn ṣeré, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dúró dè é. Èsì ọdún 2010 kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún wo 121 nínú àwọn ọmọ náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìtọ́jú, èsì ọdún 2016 fi hàn pé àmì náà dín kù lára àwọn tí a kọ́ òbí wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìkejì ni ìtọ́jú iṣẹ́ ojoojúmọ́: wíwẹ̀, wíwọ ṣòkòtò, jíjẹun, dídi gègé mú, àti fífara da ariwo jẹnẹrétọ̀. Ní Òṣòdì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí wà. Ìwádìí Roseann Schaaf ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014 fi hàn pé àwọn ọmọ tí ó gba irú ìtọ́jú kan báyìí túbọ̀ ṣe ohun tí òbí wọn ń fẹ́. Ọmọ 32 péré ni ó wà nínú ìwádìí náà, nítorí náà kí a má fi í gbéra ga. Ìtọ́jú yìí wúlò jù lọ nígbà tí a bá mọ iṣẹ́ pàtó tí a fẹ́ kí ọmọ lè ṣe.

Ìkẹta ni fisiotẹ́rápì. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ọ́tísíìmù ni ó nílò rẹ̀. Àwọn kan ń fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rìn, àwọn kan a máa ṣubú, àwọn kan a sì pẹ́ kí wọ́n tó rìn. Irú wọn ni ó ń ràn lọ́wọ́. Kò lè kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ẹni tí ó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ń tan òbí jẹ.

Wàyí o, ibo ni èdè Yorùbá ti wọ̀ ọ́? Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n sọ fún ní ibi tí ó gbé ọmọ lọ pé kí ó jáwọ́ nínú Yorùbá, kí ó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí orí ọmọ má baà dàrú. Gẹ̀ẹ́sì ìyá yìí kò tó nǹkan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé òun náà dákẹ́. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ wá ń gbé pẹ̀lú ìyá tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí Hambly àti Fombonne ní ọdún 2012 kò rí i pé gbígbọ́ èdè méjì ń dá àwọn ọmọ ọ́tísíìmù dúró ju àwọn tí ń gbọ́ ẹyọ kan lọ. Bí ó bá jẹ́ pé òbí ni ó yẹ kí ó máa ṣe ìtọ́jú nílé, èdè tí ó dá òbí lójú ni ó yẹ kí ó fi ṣe é. Kí ìyá gbé ife omi dání, kí ó ní "omi", kí ó sì dúró de ọmọ rẹ̀: ìtọ́jú nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Àwọn kan náà ni wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Lójú tèmi, òwe kejì ni ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Láti Ìjẹ̀gùn, kí ìyá tó gba Ìkọ̀tún dé ibi ìtọ́jú, owó ọkọ̀ ti lọ, ọjọ́ ọjà ti lọ, ọmọ náà sì lè ti ké títí nínú ọkọ̀. Òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ọdún 2011 dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọmọ ṣeré.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ìtọ́jú ń ṣèrànwọ́, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí a mú èyí tí ó bá ìṣòro ọmọ mu, tí òbí sì kópa nínú rẹ̀. Kò sọ ọmọ di ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tiwa nínú ẹgbẹ́ yìí kò ṣòro: ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán omi, bàtà, àmàlà àti fìlà, kí a kọ orúkọ wọn sí abẹ́ wọn pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì kó wọn fún àwọn ìyá tí ó nílò wọn.