Gwarinpa Láàrin Suleja àti Mararaba: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Mọ Iye Tí Ìgbé Ayé Ń Náni

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tó bá ti ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire wá sọ̀ sí Gwarinpa, tí ó sì ń gbọ́ tí àwọn ará Abuja ń wí pé ilé kò wọ́n ní Suleja, pé oúnjẹ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní ní Mararaba, fi ara balẹ̀ yẹ ìlú méjèèjì wò fínnífínní kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ síbẹ̀. Suleja wà ní Ìpínlẹ̀ Niger, lápá ìwọ̀ oòrùn. Mararaba wà ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa, lápá ìlà oòrùn. Ìpínlẹ̀ àgbẹ̀ ni méjèèjì, àárín wọn ni olú-ìlú wà, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí apá wọn kò ká owó ilé Abuja ń sùn, tí wọ́n sì ń jí wọ ìgboro lójoojúmọ́.

Gwarinpa fúnra rẹ̀

Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Gwarinpa, àwọn tí obìnrin wọn ń gbé ẹrù lé èjìká, tí kì í rù ú lórí. Nígbà ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha ni àjọ ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀sìtéètì ńlá tí a mọ̀ lónìí síbẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn òpópónà rẹ̀, láti First Avenue lọ. Ní Third Avenue ni ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti báńkì ti pọ̀ jù. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò gbé àlejò kiri inú àdúgbò. Bí ó bá fẹ́ ra ẹja, ọjà ẹja Kado kò jìnnà sí i.

Ọ̀dà wà lójú títì, ilé ìwòsàn ìjọba wà nítòsí, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Onílé a máa béèrè owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ejẹ́ntì àti ti lọ́yà a sì tún gun orí rẹ̀. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná fún àwọn oníbàárà tí iná wọn yẹ kó máa pẹ́ jù, tí wọ́n fi sí Band A, láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 lórí yúnìtì kan. Àlejò tó bá sì sọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì, kí ó bi olótẹ́ẹ̀lì bóyá owó iná wà nínú owó yàrá kí ó tó san kọ́bọ̀.

Ìhà Niger

Ọ̀nà márosẹ̀ Kubwa ló kọjá lẹ́bàá Gwarinpa, òun náà ni yóò sì mú èrò gba Dutse, Kubwa àti Dei-Dei kọjá dé Zuba, níbi tí èso ti ń dé láti oko ní ọ̀pọ̀ yanturu, kí a tó kan Madalla àti Suleja. Lójú ọ̀nà ni a ó ti rí Zuma, àpáta gàgàrà, adúró-sẹ́nu-ibodè-má-mì, èyí tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náírà 100. Abuja ni Suleja ń jẹ́ kí olú-ìlú tuntun tó gba orúkọ náà. Níbẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1960, tí Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náírà 20, ti di olókìkí.

Ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, òun ló fẹ̀ jù ní Nàìjíríà lónìí, Kainji àti Shiroro tí ń fi omi pèsè iná sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí rò pé iná kì í lọ ní Suleja, nítorí jẹnẹrétọ̀ ń ké níbẹ̀ bí ó ti ń ké níbòmíràn. Iṣu, ìrẹsì àti ọkà bàbà ni àlejò yóò rí lọ́jà. Mudu ni wọ́n fi ń wọn ọkà, nítorí náà kí ó má fi iye kóńgò ọjà Ìbàdàn díwọ̀n rẹ̀ láìkọ́kọ́ wo abọ́ náà.

Ìhà Nasarawa

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ Nasarawa lára Plateau, Lafia sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá ti Gwarinpa ń lọ síbẹ̀ ní láti la ìgboro já, kí ó gba oríta AYA àti Nyanya kọjá kí ó tó dé Mararaba, níbi tí ọjà Orange wà. Iṣu àti ẹ̀kúkù ń gba ọ̀nà Keffi wọlé láti ìhà Lafia àti Doma. Ilé há mọ́ ilé ní Mararaba, ọ̀pọ̀ ayálégbé ló sì ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa tí ń ti kẹ̀kẹ́ kiri. Owó omi yìí kì í sí nínú iye tí ejẹ́ntì ń dá. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Nyanya ló burú jù: bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo ọkọ̀ ló dojú kọ ìgboro, bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, gbogbo wọn a tún dà padà.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ ti gòkè lálá. Díẹ̀díẹ̀ ni ikán fi ń jẹ ilé: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ oṣù kan lè jẹ púpọ̀ nínú náírà 70,000 tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù láti ọdún 2024. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Gwarinpa, Jabi tàbí Kubwa, kí ó wá yàrá sí ìhà Niger. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní Asokoro, tàbí tó ń lọ sí yunifásítì Keffi, Nasarawa ni yóò gbè é.

Àlejò tó sùn sí Gwarinpa, tó kàn fẹ́ wo ìlú méjèèjì, ní àǹfààní kan: bí ó bá jáde láàárọ̀ lọ sí Suleja, tàbí tó bá la ìgboro já tán lọ sí Mararaba, òdìkejì èrò ni yóò máa lọ. Kí ó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì tí a mọ̀, nítorí àwọn ọ̀daràn tí ń fi ọkọ̀ gbé èrò láti jà á lólè, tí à ń pè ní wáǹ ṣáǹsì. Kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá fẹ́ kọjá Suleja lọ wo omi Gurara tí ń dà láti orí àpáta, kí ó kọ́kọ́ béèrè bí ààbò ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ awakọ̀ tí ń ná an. Ẹni tó sì fẹ́ gbé Suleja tàbí Mararaba pẹ́, kí ó kọ́kọ́ sùn mọ́jú ọjọ́ Ajé lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀, kí ó ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, kí ó tó ka owó ọdún kan lé onílé lọ́wọ́.