Ìgbàgbọ́ Tí Ọmọ Mi Fi Ránṣọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa wí. Èmi bímọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo rò pé yóò sin mí ló ṣáájú mi lọ. Àìsàn tí kò pẹ́ ló mú un. Ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀, n kò sì dé ibojì rẹ̀ títí di òní, torí àṣà wa kò gbà kí òbí dé ibojì ọmọ. N kò pè yín kí ẹ wá bá mi sunkún. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bó ṣe gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ láyé, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń wá Ọlọ́run lọ sórí òkè àti sí ibùdó ìsọjí, ẹ kò sì rántí wá a nídìí iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Télọ̀ lọmọ mi. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń ti ìsọ̀ mi bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kì í ṣe pásítọ̀, kì í ṣe wòlíì. Kò sí nínú ẹgbẹ́ akọrin, torí ohùn rẹ̀ kò dùn. Bí a bá lọ sí àìsùn, kí aago méjì òru tó lù, ó ti ń tòògbé. Ẹni tó bá ń fi ariwo wọn ìgbàgbọ́ yóò ní tirẹ̀ kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ orúkọ táwọn télọ̀ ní láàárín ìlú. Ẹ gbé aṣọ lọ, wọ́n ní kí ẹ wá gbà á ní Jímọ́ọ̀. Ẹ dé ibẹ̀ ní Jímọ́ọ̀, wọ́n ní ó ku kí àwọn so bọ́tìnnì sí i, bẹ́ẹ̀ aṣọ ọ̀hún ṣì wà nínú ọ̀rá tí ẹ fi gbé e wá, àlùmọ́gàjí kò tíì kàn án. Gbogbo wa la ti sọ ọ́ dàwàdà. Ọmọ mi kò fi ṣàwàdà. Irọ́ ló pè é. Ó ní ẹni tó parọ́ bọ́tìnnì lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ẹnu wo ni yóò fi kọrin ìyìn lọ́jọ́ Àìkú?

Nítorí náà, ó ní ìwé kan tó ń kọ ọjọ́ àdéhùn sí. Bí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá ń bọ̀, tí ìwé yẹn sì kún, kò ní gba aṣọ mọ́. Yóò sọ ọ́ gbangba pé, "Ẹ má bínú, mi ò ní lè bá a." Àwọn kan á bínú, wọ́n á gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi bọ́tìnnì tàn wọ́n. Owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi lásìkò ọdún kò kéré rárá, ó sì ní ẹnu tó ń jẹun nílé.

Ẹ tún gbọ́ ti àgékù aṣọ. Ẹ gbé yáàdì márùn-ún fún télọ̀ kó fi rán ìró àti bùbá. Bó bá mọ̀ ọ́n gé, nǹkan yóò kù. Àwọn kan a fi àgékù aṣọ aláṣọ rán ṣòkòtò ọmọdé, wọn a tà á. Ọmọ mi, bí èyí tó kù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, yóò ká a, yóò fi pín-ìn-nì kọ́ ọ mọ́ aṣọ tó ti rán tán. Ó ní oníbàárà ló ra yáàdì náà, òun kọ́. Ó máa ń rán mi létí Léfítíkù orí 19, pé inú orí kan náà tí Ọlọ́run ti ní ká fẹ́ràn ọmọnìkejì wa ló ti sọ̀rọ̀ ọ̀pá tí a fi ń wọn nǹkan. Lójú tirẹ̀, téèpù tó wà lọ́rùn òun àti Bíbélì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò bára wọn jà.

Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Kó tó gé aṣọ, yóò gbé ọwọ́ lé e, ètè rẹ̀ yóò mì díẹ̀, àlùmọ́gàjí yóò sì wọlé. Inú sì máa ń yára bí i, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bó bá jágbe mọ́ ọ̀kan nínú wọn lórí ohun tí ọmọ náà kò ṣe, kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, yóò pè é, yóò bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn yòókù. Ọ̀gá ń bẹ ọmọ iṣẹ́! Àwọn ará àdúgbò ní ó ń ba àwọn ọmọ náà jẹ́. Àwọn ọmọ ọ̀hún ló ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn lónìí.

Lẹ́yìn tí a sin ín, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá béèrè aṣọ wọn. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí ikú òjijì a máa tú àṣírí oníṣòwò. A ṣí ìwé rẹ̀. Èyí tó ti rán wà nílẹ̀ pẹ̀lú àgékù rẹ̀. Èyí tí kò tíì gé wà lódindi. Owó àsansílẹ̀ iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ wà nínú àpòòwé, ó kọ orúkọ olówó sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó béèrè aṣọ rẹ̀ tí kò rí i. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9, nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jọ́pà, àwọn opó dúró yí Pétérù ká, wọ́n ń fi ẹ̀wù tí obìnrin náà rán hàn án. Wọn kò ròyìn ìwàásù rẹ̀. Àlhájà kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi gba aṣọ tirẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá wa, télọ̀ wo ni n ó tún máa gbé aṣọ fún tí mi ò ní dúró tì?" Nínú gbogbo ẹ kú ìrọ́jú tí wọ́n kí mi, èyí ló wọ̀ mí lára jù.

Nílùú wa yìí, mi ò lè gbàgbé ìyá kan tó ń jẹ́ Àfàlà. Ní 1821, ogun kó Òṣogùn, wọ́n mú òun àti Àjàyí ọmọ rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n nípa. Ó di 1846 kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn, l'Abẹ́òkúta níbí. Àjàyí ti di Samuel Crowther, ó ti di àlùfáà, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sàró. Ní 1848 ni ìyá yìí ṣèrìbọmi. Ẹ ṣírò ọdún rẹ̀: 1884 ni odindi Bíbélì tó parí lédè Yorùbá. Nígbà tí Àfàlà gbàgbọ́, ìwé náà kò tíì tó o lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ nínú ilé. Mo gbà pé ìwà ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ kà. Òun gba tirẹ̀ padà láyé. Èmi ń retí tèmi lọ́jọ́ àjíǹde.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ èyí tí mo pè yín fún. Ẹ lọ sí ìsọjí, ẹ gbààwẹ̀, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ń gun ọ̀kadà, ṣénjì èrò ni ìjẹ́rìí rẹ àkọ́kọ́. Ìwọ tó wà ní ọ́fíìsì, bí ọ̀gá bá pè ọ́ lórí fóònù, tó o ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, má sọ pé o ti wà lójú títì. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, má gbàdúrà tán kó o tún wá máa wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò. Ìwọ tó ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ, bó o bá ṣẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Ohun tí o kò bá lè ṣe, sọ pé o kò lè ṣe é, kódà bí owó yóò bá tìtorí ẹ̀ lọ. Ohun tó bá kù lára ohun olóhun, dá a padà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ìwọ kò sì mọ̀ bóyá ọjọ́ náà ni wọn yóò ṣí ìwé rẹ lẹ́yìn rẹ.

Ẹ máa gbé ayé bí ẹni tí wọ́n lè ṣí ìwé rẹ̀ lọ́la, kí ojú má ti àwọn òbí yín. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ṣáájú wa. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó, ọmọ ni yóò sin yín. Àmín.